Ráàpù Ará Oko

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ ṣùtì sí mi. Mo mọ̀ pé ráàpù àwọn jàǹdùkú kì í ṣe ohun tí à ń retí nínú ìwé bí irú èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo orin kan ń bẹ ní ikùn mi. Too Hard to Swallow ni àkọlé rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ UGK ni wọ́n ṣe é, ilé-iṣẹ́ Jive sì gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1992.

Port Arthur ni ìlú wọn, ní ìpínlẹ̀ Texas, ìlú etí omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo wà káàkiri. Pimp C àti Bun B kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ní àkókò yẹn, New York àti Los Angeles ni gbogbo ènìyàn kọjú sí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ráàpù. Ará oko ni wọ́n ka àwọn ará gúúsù sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n ṣe fà á sínú àwo. Pimp C tilẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ráàpù ará oko ni àwọn ń kọ. Èmi tí wọ́n ti fi ẹ̀ka-èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́ rí láàárín kíláàsì, ẹ ò rí i pé ó yẹ kí ìyẹn dùn mọ́ mi!

Orin náà kì í sáré. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa rìn gbẹ̀rẹ̀ bí àgbà tí ó gbé agbádá wọ̀. Ohùn Bun B wúwo, ó ki. Ti Pimp C tín-ín-rín, ó sì ń dún ní imú. Orin àtijọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: ti Bill Withers wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ Rufus tí Chaka Khan ń kọrin nínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo fi “Use Me Up” sí i, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí ní pálọ̀, nítorí wọ́n mọ Bill Withers láti ìgbà èwe wọn. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀, wọ́n dákẹ́ lójijì, wọ́n ní kí n pa á.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni ìjà wà. Òkúta inú àkọlé “Pocket Full of Stones” kì í ṣe òkúta ilẹ̀; kokéènì tí wọ́n sè tí ó dì gbagidi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ní ẹni tí ó bá ń yin irú orin bẹ́ẹ̀ ń yin oògùn olóró. N kò gbà. (Ti ọ̀rọ̀ rírùn tí wọ́n ń sọ sí obìnrin, n kò ní àwíjàre kankan fún wọn.) Ẹ gbọ́ “Feels Like I'm the One Who's Doin' Dope” ná. Ẹni tí ń ta oògùn ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni pé òun gan-an ni ó ń lò ó. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tán tí yóò ní òun náà fẹ́ tà?

Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni The Chronic ti Dr. Dre jáde, ariwo rẹ̀ sì bo ti àwọn ọmọ Port Arthur mọ́lẹ̀. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ UGK, Ridin' Dirty ti ọdún 1996 ni wọ́n máa ń sọ, tàbí èyí tí wọ́n bá Jay-Z kọ. Pimp C kú ní 2007, ní ẹni ọdún 33. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ àwo ti 1992 yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “Something Good”, kí ó sì rí i pé kò sí ọmọdé nítòsí.