Ìdajì Ẹsẹ Tó Kù

Lára mọ́tò, lára kẹ̀kẹ́ Napep, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò síbi tí wọn kì í kọ ọ́ sí: ọ̀rọ̀ Nehemáyà pé ayọ̀ inú Olúwa ni yóò fáwọn èèyàn òun lágbára. Wọ́n fi ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, wọ́n fi ń gba ẹni tí kò rí owó oṣù gbà níyànjú. Ìdajì ẹsẹ ni. Orí 8, ẹsẹ 10, ìwé Nehemáyà nínú Bíbélì, ni wọ́n ti gé e. Ìdajì tó ṣáájú kì í bọ́ sára mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Kí ló wà níbẹ̀? Oúnjẹ ni.

Wọ́n ka òfin sáwọn èèyàn létí, ẹkún sì gbà wọ́n. Nehemáyà ní kí wọ́n lọ jẹ ohun ọlọ́ràá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì bu tiẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò ní. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ abọ́ tán ló tó mẹ́nu ba ayọ̀.

Ọ̀rọ̀ abọ́ yìí ló gbé ọkàn mi lọ sí Gangare, àdúgbò tí Mùsùlùmí pọ̀ sí nílùú Jos. Ó ti pẹ́ tí òwò, iṣẹ́ réluwé àti ìwakùsà ti kó Yorùbá dé ìlú náà. Àwọn àgbà wọn ṣì ń ròyìn ìgbà tí abọ́ ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé Mùsùlùmí, tí ẹran Iléyá náà ń padà bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, Mùsùlùmí ni Kristẹni ń pè kó wá dúńbú adìyẹ ọdún, kí ará ilé kejì lè jẹ níbẹ̀ láìkọminú. Adìyẹ ò tíì dé inú ìkòkò tí wọ́n ti ń ro ti aládùúgbò mọ́ ọn.

Ní Jimọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Kristẹni àti Mùsùlùmí ní Jos. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch ní ó ṣeé ṣe kí èèyàn tó kú tó 1,000 láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Òmíràn tún bẹ́ ní 2008 àti 2010. Lálẹ́ tí Kérésì 2010 ku ọ̀la, bọ́ǹbù pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Jos. Kristẹni ń kó kúrò láàárín Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ń kó kúrò láàárín Kristẹni. Ijó ìdúpẹ́ ò dáwọ́ dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé abọ́ kọjá?

Ẹnìkan lè ní ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi kọ lẹ́tà ayọ̀ sáwọn ará Fílípì, pé onígbàgbọ́ lè dá yọ̀. Kó ka lẹ́tà náà dópin. Pọ́ọ̀lù ń dúpẹ́ níbẹ̀ fún ẹrù tí wọ́n fi rán Epafíródítù sí i, iṣẹ́ tí àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà sí.

Ayọ̀ tí kò jáde kọjá géètì ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì pé ìdajì èyí tí Nehemáyà pa láṣẹ. Kí Kérésì tó dé, ẹ pe Mùsùlùmí tó wà nítòsí yín kó wá bá yín dúńbú adìyẹ.