Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Áísìkirímù

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, Ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Orúnkún tó ń dun bàbá rẹ ti ń gbọ́ oògùn. Ó ti tún ń rìn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, torí Iléyá ń sún mọ́lé, wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ sí àjọ̀dún Ojúde Ọba.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o fẹ́ ra ẹ̀rọ áísìkirímù, pé o ó kọ́kọ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, lẹ́yìn náà o ó máa tà á fún àwọn ará àdúgbò yín ní Bódìjà, àti pé ibi tí owó kò bá tó, o ó yá a lórí fóònù. Lẹ́tà ni mo fi dá ọ lóhùn torí ọ̀rọ̀ náà gùn, mo sì fẹ́ kí o lè tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kí o máa wò ó bí o ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: má tíì ra ẹ̀rọ. Fi ọwọ́ ṣe é ná, títí ìwà èso kọ̀ọ̀kan yóò fi yé ọ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ohun tí o bá dà sí i ló máa yí. Ìwọ tí o dà á sí i ló yẹ kí o mọ̀ ọ́n.

Omi ni wàhálà áísìkirímù. Bí omi bá ń dì jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, hóró yìnyín inú rẹ̀ yóò tóbi, yóò sì máa rin lẹ́nu bí iyanrìn. Ọ̀rá inú mílíìkì, ṣúgà àti rírò ni kì í jẹ́ kí àwọn hóró náà rójú ráyè dàgbà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ń bi èso ni pé: omi rẹ ti pọ̀ tó? Nínú gíráàmù 100 ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi jẹ́ nǹkan bí 75. Ti máńgòrò ń lọ sí 83, ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó 86, ti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù sì kọjá 90. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni ìrọ̀rùn wọn ṣe tò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àgbagbà o. Ra èyí tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú wínníwínní, tí wọ́n máa ń tà ní ọ̀pọ̀ nírọ̀lẹ́ torí kò ní dúró di ọ̀la. Bó èèpo rẹ̀, gé e wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí o fi í sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Bó bá ti gan, kó o sínú bílẹ́ńdà, fi mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí méjì àti omi bíńtín sí i, kí o lọ̀ ọ́. Yóò kọ́kọ́ rí wúruwùru, ìwọ má dáwọ́ dúró. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò dán, yóò sì máa fà. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Èyí gan-an ni kí o ṣe fún ọjọ́ ìbí, torí àwọn ọmọ lè bá ọ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Máńgòrò ló kàn, ìgbà rẹ̀ la sì wà yìí. Ti ẹ̀yìnkùlé wa so débi pé ẹ̀ka kan ti fẹ́ kanlẹ̀. Wá máńgòrò ńlá mẹ́rin tó pọ́n dénú, mílíìkì olómi agolo kékeré méjì, ṣúgà ìdajì ife, iyọ̀ ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Gbé mílíìkì àti ṣúgà ka iná kékeré, máa rò ó títí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ yóò fi fà. Omi la fẹ́ dín kù. Àwọn ará Íńdíà máa ń se mílíìkì báyìí, kódà kó fà jù báyìí lọ, fún áísìkirímù tiwọn tí wọ́n ń pè ní kulfi, wọn kì í sì í rò ó mọ́ bó bá ti wọ inú yìnyín. Jẹ́ kí mílíìkì náà tutù pátápátá. Lọ máńgòrò, kí o fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ kí ìrun rẹ̀ má baà há sí wọn léyín. Inú máńgòrò ni kí o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Má fún un sínú mílíìkì gbígbóná, àfi tó bá jẹ́ wàrà lo fẹ́ ṣe.

Da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àwo irin tó fẹ̀ tí kò jìn, kí o gbé e sínú fírísà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, etí rẹ̀ yóò ti máa dì. Fi fọ́ọ̀kì ha á láti etí wá sí àárín, lù ú dáadáa, dá a padà. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà kí o fi í sílẹ̀ kó dì. Lílù yẹn ló ń fọ́ hóró yìnyín, òun náà ló ń fi afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tí o fẹ́ lọ jẹ gbèsè lé lórí ń ṣe náà nìyẹn.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni alágídí inú wọn. Èròjà kan wà nínú omi rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bromelain. Ó máa ń gé purotéènì wẹ́wẹ́, òun ló sì ń mú kí ahọ́n máa ta wá tí a bá jẹ ẹ́ lájẹjù. Tí o bá da ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù mọ́ mílíìkì, kò ní pẹ́ tí yóò fi korò, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì rò pé mílíìkì ló bàjẹ́. Iná ni oògùn rẹ̀. Gé e, fi ṣúgà sí i, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó tutù, kí o tó dà á pọ̀. Ìbẹ́pẹ ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, papain. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà yín fi máa ń gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú ẹran tó bá yi. Ti ìbẹ́pẹ tó pọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tètè gbé e sínú fírísà bí o bá ti lọ̀ ọ́ tán.

Àgbálùmọ̀ ti ń tán lọ, ìgbà ọyẹ́ ni kí o dán an wò. Ẹran tó bo hóró rẹ̀ ni kí o ra nínú omi ṣúgà, kí o sẹ́ ẹ, kí o jìnnà sí èèpo rẹ̀ torí ibẹ̀ ni oje tó ń lẹ̀ mọ́ ètè pọ̀ sí. Ó kan, nítorí náà ìgbẹ̀yìn ni kó bá mílíìkì, kí àwọn méjèèjì sì ti tutù. Ní ti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, má dá ara rẹ láàmú. Fún omi rẹ̀, dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, kó gan, kí àwọn ọmọ máa fà á mu.

Fún ọmọ tí inú rẹ̀ máa ń kùn bó bá ti mu mílíìkì, àgbọn ni. Rin àgbọn méjì, fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, fún un jáde kó ki, kí o lò ó dípò mílíìkì. Ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, ó bá máńgòrò mu, ó sì bá ọ̀pẹ̀ òyìnbó mu jù.

Mo mọ̀ pé o ó bi mí pé iná ọba ńkọ́. Ra omi dídì, irú èyí tí a máa ń rà láti fi mu gààrí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú kúlà tàbí garawa. Bí o bá ti bu yìnyín agolo márùn-ún, bu iyọ̀ agolo kan sí i, pò ó. Da èso àti mílíìkì sínú ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí, rì í sáàárín yìnyín náà, máa yí i, kí o sì máa ṣí i ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yìnyín lásán kò lè tutù ju ìwọ̀n òdo lọ bó bá ti ń yọ́, bẹ́ẹ̀ òdo kò lè mú kí ohun tó ní ṣúgà nínú dì. Iyọ̀ ló ń fà á wálẹ̀, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì pé, ó lè dé nǹkan bíi dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 21 nísàlẹ̀ òdo. Fi aṣọ di ọwọ́ rẹ, torí òtútù yẹn lè bó ènìyàn lára.

Ọgbọ́n iyọ̀ àti yìnyín yìí ni Nancy Johnson, obìnrin kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ẹ̀rọ tí ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1843: garawa, ìkòkò nínú rẹ̀, abẹ tí ń ha ara ìkòkò, àti ọwọ́ tí a fi ń yí i. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Ìwọ lo ń ráhùn sí mi lọ́dún 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti náírà 68 sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó dín in díẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ tí yóò máa jẹ iná yẹn láti àárọ̀ dalẹ́ lo tún fẹ́ gbé wọlé?

Ṣíbí ribiti tí wọ́n fi ń bu áísìkirímù ní tirẹ̀, rà á. Alfred Cralle, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Pittsburgh, ló gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1897, nítorí ó rí i pé áísìkirímù máa ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí lásán. Ìyẹn kì í wọ́n, kì í sì í jẹ iná.

Fetí sí èyí dáadáa, torí ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ máa bọ́. Omi dídì tí a bá rà níta, ìta ìkòkò ni kó wà. A kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, má sọ ọ́ sínú ohun tí ẹnu máa jẹ. Má fọ́ ẹyin tútù sínú áísìkirímù bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá lọ tó fi yọ́ tán, má dì í padà, ẹ má sì mu èyí tó ti wà nínú ooru fún ju wákàtí méjì lọ. Fírísà kì í pa kòkòrò àìsàn, ó kàn ń dá a dúró ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù yẹn, sọ́gúndógójì ni, orúkọ ló yí padà. Bí o bá pẹ́ san án, àwọn kan nínú wọn á máa fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ. Kékeré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀: ní Ìbàdàn tí o wà yẹn ni ilé-iṣẹ́ áísìkirímù Fan Milk ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Pẹ̀lú gbogbo owó òyìnbó tó wà lẹ́yìn wọn, kẹ̀kẹ́ ológeere tó gbé àpótí tútù níwájú ni a fi mọ̀ wọ́n ní gbogbo òpópónà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ra ìwé kékeré kan. Nígbàkígbà tí o bá ṣe áísìkirímù, kọ iye tí èso, mílíìkì, ṣúgà, gáàsì, iná àti ike gbà sílẹ̀, kí o pín in sí iye ike tó jáde. Kọ èso tó tètè tán àti èyí tí wọ́n kù sílẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ yóò máa yìn ọ́, ìyẹn kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá padà wá fi owó ra ìkejì, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ. Bó bá sì di pé o fẹ́ máa kó o sí ṣọ́ọ̀bù, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kí o fi owó ìyẹn náà sínú ìṣirò.

Kó àwọn ọmọ wá sílé fún Iléyá ní oṣù kẹfà, kí o sì mú ìwé náà dání. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tí èrè wà nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó yá ọ lówó ẹ̀rọ náà láti inú àjọ mi, láìgba èlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o ó máa san án ni a ó kọ́kọ́ kọ.

Bàbá rẹ ní kí n kí yín, pé kí o má gbàgbé batiri rédíò òun. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín o.

Èmi ni,
Màmá rẹ.