Ìlù Tí A Kì í Lù

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi wá bí a ṣe ń mú etí ọpọ́n ayò wa dán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ayùn kì í hàn lára rẹ̀. A óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dídán rárá, ti eruku ni.

Àwa mẹ́ta la wà nídìí iṣẹ́ yìí. Méjì nínú wa jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ará àdúgbò kò rántí mọ́ pé kì í ṣe ọmọ ilé. Ọdún 2022 la bẹ̀rẹ̀, nígbà ìyanṣẹ́lódì tó lé wa sílé láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọ̀dọ̀ bàbá káfíńtà kan ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn la ti kọ́ bí a ṣe ń mú ayùn àti ràńdà. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, a kò lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lójoojúmọ́ mọ́, a wá ta páànù mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé Mọ́mì, láàárín ilé ìdáná àti okùn ìsáṣọ. Ẹ fi ibi tí okùn ìsáṣọ yẹn wà sọ́kàn.

Ohun èlò tí ẹ ń béèrè, sanding drum ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún Bàbá tí a sì túmọ̀ rẹ̀, ó bi wá pé ṣé gángan ni àbí bàtá. A rẹ́rìn-ín títí. Rọ́bà róbótó kan ni, tí ọ̀pá irin là láàárín kọjá. Ẹ ó wọ sáńpépà tí wọ́n ti lẹ̀ bíi kòròfo fún un, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tù orí rẹ̀, rọ́bà á wú, á sì di sáńpépà náà mú gírígírí. Ẹ ó wá ki ọ̀pá irin rẹ̀ bọ ẹnu dírílì, ní ibi tí irin tí a fi ń lu ihò máa ń wà. Ó parí. Ìlù tó ń yí ni, a kì í lù ú.

Ibi tí igi bá ti tẹ̀ wọnú ló ti wúlò: ihò ìdìmú tíréè, ìbàdí àpótí ìjókòó, ọrùn ọpọ́n ayò. Ibẹ̀ yẹn ni ràńdà kò lè dé, tí ọwọ́ nìkan sì máa ń gba ọjọ́ méjì níbẹ̀. Lórí pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi í sílẹ̀ o. Á kàn gbẹ́ ojú pákó náà ní kòtò kòtò bí ọ̀nà tí àgbàrá ti ṣàn kọjá ni.

A kì í fi ọwọ́ gbé dírílì náà bí a bá ń lò ó. A dè é mọ́ òpó kan kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, igi la sì ń gbé lọ bá a. Lábẹ́ rẹ̀, a gbé tábìlì kékeré kan tí a lu ihò sí láàárín, ihò tó fi díẹ̀ tóbi ju ìlù náà lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ìlù gbọ́dọ̀ wọnú ihò yẹn díẹ̀, kí sáńpépà lè kan gbogbo etí igi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ igi á yọ gọngọ bí èékánná tí a kò gé. Apá ibi tí ìlù ń yí bọ̀ ni kí ẹ ti ti igi pàdé rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí òun àti igi jọ máa lọ sí apá kan náà, á já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má sì dúró sójú kan. Fún Bàbá, gbogbo ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ máa rìn, ẹ má tẹ̀ ẹ́." Dírílì, lílu ihò sísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe kí ènìyàn máa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, igi á sì jó dúdú.

Ìbọ̀wọ́ kò sí níbẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọwọ́ bùbá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, okùn ìgbọ́rọ̀ etí, tàbí irun tí a kò dì. Ohun tó ń yí kì í bi ènìyàn kó tó fà á. Bí sáńpépà bá sì dí, ẹ má tètè jù ú nù. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àtijọ́ tó jẹ́ rọ́bà gidi kàn án bó ṣe ń yí, gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló máa jáde. Ọgọ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sí ọgọ́fà, lẹ́yìn náà ọwọ́ la fi ń parí rẹ̀, nítorí fáníṣì kì í bo àṣírí ẹ̀rọ. Ní ti ojú ayò méjèèjìlá fúnra wọn, ìlù yìí kò lè wọ ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré tí a fi sáńpépà wé la fi ń yí inú wọn, ọwọ́ sì máa ń ro wá.

Ó kan ọ̀rọ̀ eruku wàyí. Èyí tí ayùn ń yọ wúwo, ó ń jábọ́ sílẹ̀, ènìyàn lè gbá a kó dànù. Èyí tí ìlù yìí ń lọ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ojú kò rí, ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Aṣọ tí Mọ́mì sá sórí okùn ń gbà á. Àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ikọ́ fée. Ohun tó ń fín sẹ́nu kì í jìnnà sí ìrọ̀rí rẹ̀. Ìrókò sì wà lára àwọn igi tí eruku wọn máa ń ta ènìyàn lára, tó ń dí imú, tó sì lè ru ikọ́ fée sókè. Àwọn tó ń ra ọjà wa, ìrókò ni wọ́n fẹ́ràn jù.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní 1995, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, jẹjẹrẹ ihò imú sì wà lára èyí tí wọ́n dárúkọ. Bàbá káfíńtà wa ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. A kì í ṣe dókítà, a kò lè sọ ohun tó ń mú un wúkọ́ láàárọ̀. A kàn mọ̀ pé kò lo ìbòmú rí.

Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín wa lórí owó ọpọ́n mẹ́ta tí a tà. Ẹnì kan ní ká ra ìlù ńlá sí i, kí iṣẹ́ yá. Àwọn méjì yòókù ní eruku ló kàn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi bá ara wa yan odì díẹ̀díẹ̀, kí Mọ́mì tó wá gé e kúrú: "Ẹ yan ọ̀kan, ẹ̀rọ yín tàbí àbúrò yín." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè iye gààrí, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

A ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku, tòkunbọ̀ ni. A kan àpótí mọ́ abẹ́ tábìlì, a sì ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí eruku máa gba ihò tí ìlù wà nínú rẹ̀ wọlẹ̀. Nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń tú èyí tó kúnná jù padà sáfẹ́fẹ́, a gbé e sí ẹ̀yìn ògiri, níbi tí kò sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ìbòmú N95 la ń lò. Èyí aláṣọ tó kù láti ìgbà Kòrónà kò lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. A ń wọ́n omi sílẹ̀ ká tó gbálẹ̀. A ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí àbúrò wa bá wà nílé, ẹ̀rọ kì í dún. Okùn ìsáṣọ ti kúrò níbẹ̀, ó ti wà níwájú ilé báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń ti Mọ́mì nítorí àwọn tó ń kọjá.

Ìrókò sì kúrò lábẹ́ ìlù pátápátá. Mẹ̀línà nìkan là ń gbé lọ síbẹ̀. Fún ìrókò, a padà sí ohun tí Bàbá ń lò látijọ́: àfọ́kù ìgò. Ẹ fi etí rẹ̀ fá igi, á máa yọ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ilẹ̀ ló sì ń bọ́ sí. Àfọ́kù tó bá tẹ̀ díẹ̀ lè fá inú ojú ayò pàápàá. Ó pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ti lé sí i. Ẹni tó fẹ́ ìlù ńlá ṣì ń kùn, kò sì purọ́: oníbàárà méjì ti lọ ra tiwọn níbòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ní ẹ̀ka wa, tó wà ní Lọ́ńdọ́nù, ti sanwó ọpọ́n ìrókò kan láti oṣù tó kọjá, ó sì ń bi wá lójoojúmọ́ pé ó dé ibo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú. Ojú mẹ́jọ la ti fá tán, ó ku mẹ́rin.