Igun Òkè Lápá Òsì

Bí a bá tẹ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà MSI B450 Tomahawk sórí tábìlì, tí àwọn ojúhò ẹ̀yìn tí wáyà ń gbà wọlé wà lápá òsì ẹni, dúdú rẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Pátákó náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30.5, ó fẹ̀ tó 24.4, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú yẹn ni àwọn ọ̀nà bàbà tín-ín-tìn-tín ń gbà kiri. Ẹni tó bá gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, á rí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà tí wọ́n ń yà fún ara wọn láìfara kanra.

Ọdún 2018 ló jáde, ọdún tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé chipset B450 síta. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti dàgbà. Síbẹ̀, mi ò rí bọ́ọ̀dù tí mo lè fi ṣàlàyé jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ kí processor òun sáré díẹ̀ ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe là á kalẹ̀ lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní overclocking. Díẹ̀ ni mo wí o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da liquid nitrogen sórí processor kí wọ́n lè gbapò kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ẹni tó ní Ryzen 5 2600, tí iyára rẹ̀ jẹ́ 3.4 GHz, tó lè fò dé 3.9 fúngbà díẹ̀, tó wá ń fẹ́ kí gbogbo core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí 4.0 láti àárọ̀ dalẹ́, kí fídíò tó ń gé tètè parí, kí kọ̀ǹpútà náà má sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lókè, ní nǹkan bí àárín, ni ṣọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 wà, onígun mẹ́rin, tí ihò 1,331 lu ojú rẹ̀ jákèjádò. Ara processor ni pín-ìn-nì wà, bọ́ọ̀dù ló ni ihò. Nítorí náà ẹni tó ń ra Tomahawk àlòkù kò ní bẹ̀rù pín-ìn-nì tó tẹ̀ lára bọ́ọ̀dù. Lápá ọ̀tún ni ojú RAM mẹ́rin tò sí. Nísàlẹ̀ ni ojú káàdì fídíò wà, irin yí i ká kí káàdì wíwúwo má baà fà á ya. Ibi wọ̀nyí ni ojú oníbàárà máa ń dúró sí. Mo máa ń fẹ́ fa ọwọ́ onítọ̀hún padà sápá òsì, kí n gbé e lọ sókè pátápátá.

Irin wíwúwo méjì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ eérú, wọ́n gé ojú wọn ní pàlàpálá kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Láàárín irin náà àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn àpótí kéékèèké kan to sí lẹ́sẹẹsẹ, choke ni wọ́n, wáyà bàbà wà nínú wọn. Àwọn kapásítọ̀ tẹ̀ lé wọn, agolo róbótó róbótó tí orí wọn ń dán. Lábẹ́ irin, níbi tí ojú kò tó, ni àwọn transistor tí iṣẹ́ gan-an wà lọ́rùn wọn. Gbogbo wọn pọ̀ ni wọ́n ń pè ní VRM.

Iná 12 volt ló ń ti power supply bọ̀, ó ń gba ojú oníhò mẹ́jọ tó wà ní góńgó igun náà wọlé. Processor kò lè mu 12 volt, bí 1.2 sí 1.4 ni tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: processor tó ń jẹ 100 wáàtì lórí 1.3 volt ń fa nǹkan bí amp 77, láti inú ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti sọ 12 di 1.3, àwọn transistor yẹn ń ṣí wọ́n ń tì, ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; choke àti kapásítọ̀ ló ń tẹ́ iná tó ń fò sókè sódò náà kí ó tó dé ẹnu processor. Ọ̀nà mẹ́rin ni Tomahawk ń gbà fún processor, ó sì ní méjì mìíràn fún SoC, ìyẹn apá processor tí kì í ṣe core. Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣí pọ̀. Bí ìgbà tí obìnrin mẹ́rin bá yí odó kan po tí wọ́n ń gúnyán ni, ọmọ odó tẹnì kan ń balẹ̀ bí tẹnì kejì ṣe ń gbéra, tí odó kì í ráyè sinmi.

Mẹ́rin lè dà bí ẹni pé ó kéré. Àwọn tó ń polówó ọjà fẹ́ràn kí wọ́n kọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sára páálí, ẹni tó bá sì ń ka iye nìkan á kọjá lára bọ́ọ̀dù yìí. Mi ò fara mọ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí Tomahawk, wọ́n so transistor pọ̀ ní méjì méjì nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè jọ pín ẹrù náà, irin tó bò wọ́n sì jẹ́ irin tòótọ́. Mo ti rí bọ́ọ̀dù tí ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ jù báyìí lọ lórí ìwé, tó sì jẹ́ pé ike ni wọ́n fi ṣe ohun tó dà bí ìhámọ́ra sórí wọn. Ike kì í tú ooru. Ńṣe ló ń dè é mọ́lẹ̀.

Ooru yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Iná tí processor ń jẹ ń pọ̀ bí iyára rẹ̀ ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ti volt le ju bẹ́ẹ̀ lọ: volt tí a fi volt sọ di púpọ̀ ni à ń ṣírò. Ká ní ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún iyára, tí ẹ wá ní láti fi ìdá 10 kún volt kí kọ̀ǹpútà tó lè dúró, iná tó ń jẹ á ti fi nǹkan bí ìdá 33 lé sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru tí ń jáde lára bàbà àti transistor: amp tí a fi amp sọ di púpọ̀ ni à ń ṣírò. Ohun tí a pè ní díẹ̀ lójú ìwé kì í ṣe díẹ̀ ní igun òkè yẹn.

Ẹ sì rántí ibi tí à ń gbé. Àwọn tó ń dán bọ́ọ̀dù wò nílẹ̀ òtútù sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tí kò gbóná ju 22°C lọ. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta, tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì lágbára AC, yàrá lè wà ní 34. Ìwọ̀n 12 yẹn á gun orí gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kà nínú àyẹ̀wò wọn. Bọ́ọ̀dù tí VRM rẹ̀ wà ní 85 lọ́hùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 lọ́dọ̀ wa, ká má tíì sọ̀rọ̀ eruku ọyẹ́ tó ń dí ojú irin.

Kapásítọ̀ ni ooru kọ́kọ́ ń bá jà. Ti Tomahawk jẹ́ irú tí kò ní omi nínú, inú mi sì máa ń dùn láti rí i. Láwọn ọdún tó tẹ̀ lé 2000, omi tí kò dára nínú kapásítọ̀ ba bọ́ọ̀dù tí kò lóǹkà jẹ́ káàkiri ayé. Orí agolo á wú, á là, omi bí omi ìpẹtà á sì máa ṣàn síta. Títí dòní, orí kapásítọ̀ tó wú ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wá lára bọ́ọ̀dù àgbà.

Fífi kún iyára processor yìí ti pẹ́. Ní 1998, àwọn ènìyàn ń ra processor Celeron 300A, wọ́n ń gbé e sórí bọ́ọ̀dù Abit BH6, wọ́n sì ń gbé bus rẹ̀ láti 66 MHz lọ sí 100 nínú BIOS, láìfọwọ́ kan jumper kankan. Processor 300 MHz di 450. Ohun tó mú kí ó dúró sán-ún ni pé 100 MHz gan-an ni wọ́n dá chipset 440BX inú bọ́ọ̀dù náà fún. Ojú káàdì PCI wà lórí 33 rẹ̀, ti AGP wà lórí 66, kò sí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ àfi processor nìkan. Ìlànà yẹn náà ni mo ń tẹ̀ lé. Tomahawk lè gbé Ryzen 7 2700X, olórí core mẹ́jọ tí AMD kọ 105 wáàtì sí lára. Kí ẹ wá gbé 2600 olórí core mẹ́fà, tí wọ́n kọ 65 sí, lé e lórí, agbára á ṣẹ́ kù. Agbára tó ṣẹ́ kù yẹn lẹ ń rà. Ẹ má sì ra bọ́ọ̀dù oní-chipset A320 nítorí pé owó rẹ̀ kéré: AMD kò fàyè gba kí a fi kún iyára processor lórí rẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kù tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Iná mẹ́rin wà lára rẹ̀, fún processor, RAM, káàdì fídíò àti ìtanijí (boot). Bí ẹ bá ti ki àṣejù bọ ọ́ tí kò sì jí, èyí tó dúró tí kò kú ni ẹ ó bi. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń fi BIOS tuntun sí i láti orí flash, kódà bí processor kò bá sí nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Sáoǹdù àti nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ṣe é lò.

Ẹni tó bá rà á lálòkù ní Computer Village, n'Íkẹjà, kó yí i dojú dé kó wo ẹ̀yìn igun yẹn. Bí ara pátákó níbẹ̀ bá ti pọ́n bí ohun tí iná rà, kó dá a padà. Bí ó bá mọ́, kó gbé e lọ ilé, kó fi Prime95, ètò tí ń fún processor níṣẹ́ àṣekára, sí i lẹ́nu fún wákàtí kan, kó ṣí HWiNFO, ètò tí ń fi ooru hàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa wo ooru MOS, ìyẹn ti àwọn transistor VRM. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 95. Bí ó bá fẹ́ kọjá, volt ni kó kọ́kọ́ dín, kó tó dín iyára. AMD fàyè gba ìṣísẹ̀ 25 MHz, ó sì lè jẹ́ orí 3.95 ni kọ̀ǹpútà náà á ti balẹ̀.