Kí ló kàn wá kan igún?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí 🧵

Pírámárì 4 ni mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Mo bi wọ́n pé ta ló ti rí igún rí. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Òwe igún ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹyẹ burúkú ni. Tó bá tán, kí ló kàn wá?"

Mo sọ ti Íńdíà fún wọn. Láti bí ọdún 1990 lọ, igún kú rẹpẹtẹ níbẹ̀. Diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń pa wọ́n tí wọ́n bá jẹ òkú ẹ̀. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, ewu àrùn dìgbòlugi náà ń pọ̀. 2006 ni ìjọba tó fòfin de oògùn yẹn fún ẹran.

Nílé ńkọ́? Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lọ́jà fún oògùn. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tiwa mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó parẹ́ láyé.

Ọmọ yẹn ní, "Áà! Àwọn ló ń bá wa kólẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. A ò fẹ́ràn wọn, àmọ́ ìlera wa wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ bi àwọn òbí yín: ìgbà wo ni wọ́n rí igún kẹ́yìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.