Láti Gary dé Houston: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Fi Tapólì Bo Ẹrù?

Oṣù Kìíní ọdún ni, ní Gary, ìpínlẹ̀ Indiana, ìlú tí wọ́n bí Michael Jackson sí ní 1958. Oòrùn yọ, ojú sánmà mọ́ roro, àmọ́ òtútù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fojú di. Etí adágún Michigan ni àwọn ilé iṣẹ́ irin tò sí, láti Gary títí dé Burns Harbor, ọ̀kan nínú wọn sì ni mo ti lọ gbẹ́rù. Tírélà tí mò ń wà kò lórùlé, kò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Flatbed ni wọ́n ń pè é níbí. Ohunkóhun tí a bá gbé lé e, òun àti òjò, yìnyín, eruku àti iyọ̀ ojú títì ni yóò jọ rìn, àfi tí awakọ̀ bá fi tapólì bò ó.

Houston ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni ẹrù ń lọ, ọ̀nà tó lé ní 1,000 máìlì. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká jọ gìdìgbà ni, tí àwa awakọ̀ ń pè ní kọ́ìlì. Tèmi jẹ́ irin tí wọ́n ti fi síńkì bò lára, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páànù òrùlé.

Awakọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí òun náà gbé kọ́ìlì. Ó so ṣéènì rẹ̀, ó wọkọ̀, ó lọ. Kò fọwọ́ kan tapólì rárá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Irin dúdú ló gbé, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, tí èèpo dúdú ṣì wà lára rẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀, inú ásíìdì ni wọ́n sábà máa ń rì í sí kí wọ́n lè bó èèpo náà kúrò. Ìpẹtà díẹ̀ tó bá mú un lójú ọ̀nà á bá èèpo lọ. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá wọ àárín ìká kan sí èkejì lára irin onísíńkì, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè gbẹ ẹ́, ìpẹtà funfun ló máa yọ síbẹ̀, ẹni tó rà á sì lè ní òun ò gbà á mọ́.

Ọgbà kan náà, ojú ọjọ́ kan náà, ìpinnu wa yàtọ̀. Ìyẹn ni ara mi kì í fi í gbà á bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ bá gbójú sókè, tí wọ́n ní òjò ò ní rọ̀ lónìí. Sánmà Gary kò mọ nǹkan kan nípa ti Arkansas tí a ṣì máa gbà kọjá.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló kọ́ mi ní flatbed. Kó tó wo ẹrù rárá ló máa ń béèrè pé, "Àbúrò, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹrù?" Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ká bò ó, ọ̀rọ̀ tán, oòrùn ìbáà máa ràn. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ká pe ẹni tó ń pín ẹrù fún wa kí wọ́n tó gbé e lé ọkọ̀, torí owó ìbòrù yàtọ̀ sí owó ẹrù, ó sì máa ń ṣòro láti gbà lẹ́yìn tí a bá ti bò ó tán.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kí a bo irin ní dandan. Ohun tó sọ ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ jò, kò gbọdọ̀ fẹ́ lọ, kò gbọdọ̀ já bọ́. Ó tún sọ pé agbára gbogbo ṣéènì àti bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ tó ìdajì ìwọ̀n ẹrù, ó kéré tán. Àmọ́ òfin mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Carmack, láti 1906, tó fi ìbàjẹ́ ẹrù sọ́rùn ẹni tó ń gbé e, láti ìgbà tó bá ti gbà á títí yóò fi jíṣẹ́. Bí a bá ti fọwọ́ sí i pé irin gbígbẹ la gbà, irin gbígbẹ la gbọ́dọ̀ gbé dé.

Ilé iṣẹ́ irin tí mo ti gbẹ́rù ní ibi ìbòrù lábẹ́ òrùlé nínú ọgbà wọn, pẹ̀lú okùn ààbò tí à ń so mọ́ra. Tapólì kan tí a fi ń bo irin lè wọn 70 páùn títí dé 100, nínú òtútù bẹ́ẹ̀ ó máa ń le gan-an. Mo fi rọ́bà nípọn sí gbogbo ibi tó bá mú. Mo tẹ́ ti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà mo tẹ́ ti iwájú kí etí rẹ̀ lè gun orí ti ẹ̀yìn. Bí a bá yí i padà, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á wọ abẹ́ rẹ̀, á sì fà á ya. Mo ká gbogbo ibi tó dẹ̀, mo fi rọ́bà oníkọ̀ọ́ fà á mọ́lẹ̀. Ká ní ìta ni, tí ìjì sì ń jà, mi ò ní gun orí ẹrù. Mà á pè wọ́n pé mo máa pẹ́. Kò sí kọ́ìlì tó tó ẹ̀mí èèyàn.

Títì I-57 ni mo gbà, ó la Illinois já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí n tó rin 50 máìlì, mo dúró, mo ká etí tapólì sókè, mo fọwọ́ kan ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ló ní ká ṣe é, ká sì tún máa ṣe é ní gbogbo 150 máìlì tàbí wákàtí mẹ́ta, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Yìnyín ti bọ́ ṣáájú, wọ́n sì ti da iyọ̀ sójú títì. Ẹ̀kán òjò kan ò bọ́, síbẹ̀ kí n tó dé Effingham, omi iyọ̀ tí táyà àwọn ọkọ̀ iwájú ń tú sókè ti sọ tapólì dúdú di funfun. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rántí àwọn tó ń wo sánmà.

Mo kọjá odò Mississippi ní Cairo, mo sùn ní West Memphis. Òjò pàdé mi ní Arkansas láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì dá títí mo fi kọjá Little Rock.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù ló ń fa àròjinlẹ̀ báyìí o. Páìpù kọnkéré, ọ̀pá irin ìkọ́lé, òpó iná, n kì í yọ tapólì nítorí wọn. Pákó tí wọ́n ti fi iná gbẹ àti ẹ̀rọ tó ní wáyà nínú, bíbò ni. Àwa tí a dàgbà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ tírélà símẹ́ǹtì tó ń jáde ní Ewékorò. Ta ni yóò bá símẹ́ǹtì jiyàn? Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà ló máa ń mú mi ronú, torí tapólì lè ha ọ̀dà náà títí a ó fi débẹ̀. Aṣọ tó nípọn ni mo máa ń kọ́kọ́ dà bò ó.

Lẹ́yìn Texarkana, lórí US-59, ooru bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kún fún omi ń fẹ́ wá láti etíkun. Irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná. Òtútù Indiana ṣì wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ olómi bá kan irin tútù, irin á làágùn bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Tapólì kò lè dí èyí lọ́wọ́. Bí omi bá sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa há a mọ́bẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi tapólì tútù bo irin gbígbẹ. Mo pe àwọn tó fẹ́ gba ẹrù láti Lufkin, mo bi wọ́n bóyá àyè wà nínú ilé. Wọ́n ní kí n má tú ohunkóhun níta. Inú ilé ìkẹ́rùsí wọn ni mo ti tú tapólì, wọ́n sì fi kọ́ìlì náà sílẹ̀ nínú bébà tí wọ́n fi wé e, kí ara rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n fọwọ́ síwèé pé ó gbẹ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń wọ iṣẹ́ yìí ní Houston, Dallas àti Atlanta, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ má bo ẹrù tí ọkàn yín sọ pé ó yẹ ní bíbò, ẹ má gbà á lẹ́nu lásán. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹrù náà kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà.