Ògbufọ̀ fún Ọ̀pá Rédíò Kékeré

Ìyá àgbà wa pa àlọ́ lórí rédíò nígbà kan. Àwọn oníròyìn gbé ẹ̀rọ wá sílé, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Nígbà tí ìyá papòdà, a wá ohùn náà títí, a kò rí i. Láti ìgbà náà ni àwa mẹ́ta tí a jọ dàgbà nínú agbo ilé kan ní Tchaourou ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fúnra wa, kí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ.

Ohun èlò tí a rà kò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n ṣe é kí ènìyàn lè fi wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ tan ìròyìn káàkiri pé ṣíìpù RTL2832U inú rẹ̀ lè fi ìgbì afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní tútù, láìsè é. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá ṣe iṣẹ́ tí wáyà àti irin ń ṣe nínú rédíò àtijọ́. Ó lè kó ìgbì tó fẹ̀ tó mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 2.4 lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rédíò mélòó kan tó fara tira lè wọ inú rẹ̀ pọ̀. Owó kajú ni a fi rà á, owó tí a ti ṣèlérí fún Bàbá pé a ó fi ra páànù ilé ìdáná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ètò ìgbohùnsílẹ̀ tí ọ̀kan nínú wa ti kọ kò gbọ́ èdè ọ̀pá yìí. Lọ́jà wa níhìn-ín, bí Fúlàní bá fẹ́ ta màlúù fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan, ẹni tó gbọ́ méjèèjì ni yóò dúró láàárín. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a jókòó kọ. Ètò yóò wí pé: lọ sí ìgbì yìí, kà á níye ìgbà báyìí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ̀rẹ̀, dúró. Ògbufọ̀ yóò yí i sí ohun tí librtlsdr mọ̀, yóò sì kó èsì padà wá. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ irú rẹ̀ fún SoapySDR, a mọ̀; ẹni tó bá ń kánjú, kí ó lo tiwọn. Àwa fẹ́ mọ inú rẹ̀.

Ìdènà àkọ́kọ́ kò pẹ́. Linux ti gbá ọ̀pá náà mú, ó ní tẹlifíṣọ̀n ni. A ní kí ó fi í sílẹ̀, ó sì gbọ́. Èkejì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ariwo nìkan ni à ń gbọ́, bí òjò ńlá lórí páànù, páànù tí a kò tíì rà. Bàbá a máa yọjú lálẹ́, a bi wá pé, “Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?” A ó ní, “Ó kù díẹ̀, Bàbá.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi pa irọ́ yìí.

Nọ́ńbà ni ọ̀pá náà ń rán wá, ní méjì-méjì, láti 0 dé 255. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò sí ní 0. Àárín ló wà, ní 127.5. Àwa ń kà á bí ẹni pé láti -128 dé 127 ni. Nípa bẹ́ẹ̀, 127 dúró lókè pátápátá, 128 tó tẹ̀ lé e já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ sì di igbe tó ga jù lọ. Ìlà kan péré ló tún un ṣe: kà á bó ṣe wá, kí o sì yọ 127.5 kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wáyà wa wà lórí igi máńgòrò, a yí i sí ilé iṣẹ́ kan ní Parakou. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń ka ìkéde òkú, ní Faransé, lẹ́yìn náà ní Yorùbá. Bàbá fa àpótí, ó jókòó. Orúkọ kẹta tí obìnrin náà pè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní ọ̀nà Kilibo, tí ìròyìn ikú rẹ̀ kò tíì kàn wá. Bàbá ṣí fìlà, kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi wá bóyá a gbà á sílẹ̀. A ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́.”